Ọkọ̀ òkun tàbí ọkọ̀ atibáàjì lójú odò: ṣé ẹ̀yìn ni mo ń padà sí lóòótọ́?

ỌmọDẹ́ẹ̀kì (ẹni tó dá ìjíròrò sílẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ omi. Orí ọkọ̀ òkun ni mo ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀, àwọn ọkọ̀ gbàǹgbà tó ń kó àlìkámà, èédú àti òkúta irin láìdì í sápò. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí tí mo fi lè dá dúró ìṣọ́ ní yàrá ìdarí. Ní báyìí, ilé iṣẹ́ kan fẹ́ gbà mí gẹ́gẹ́ bí igbákejì ọ̀gá ọkọ̀ lórí ọkọ̀ atibáàjì, ìyẹn ọkọ̀ tó ń ti báàjì (ọkọ̀ akẹ́rù pẹlẹbẹ tí kò lè dá rìn), lójú odò ńlá. Iṣẹ́ náà wù mí. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tí a jọ wà lórí ọkọ̀ ló ń bá mi wí. Wọ́n ní odò kò ní ìgbì, ilẹ̀ wà lọ́tùn-ún, ilẹ̀ wà lósì, pé ẹni tó ti la òkun já kì í tún padà sínú odò.

Ẹnu àwọn tó ti ṣe é ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ. Kí ló yàtọ̀ gan-an? Èwo nínú ohun tí mo kọ́ lókun ló máa wúlò? Kí ló sì yẹ kí n bi wọ́n kí n tó tọwọ́ bọ̀wé?

Ọ̀gáBáàjì

Àbúrò, ó dájú pé àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì dúró ní yàrá ìdarí ọkọ̀ atibáàjì nígbà tí omi ń ti ẹ̀yìn wọn bọ̀, tí kọ́nà odò sì wà níwájú.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ẹrù náà ṣe tó. Ní odò Mississippi ní Amẹ́ríkà, báàjì kan gùn tó mítà 59, ó fẹ̀ ju mítà 10 lọ díẹ̀, ó sì ń gbé bíi 1,500 tọ́ọ̀nù. Lápá òkè odò náà, ọkọ̀ kan sábà máa ń ti báàjì 15 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, 3 ní ìbú, 5 ní òró. Bí o bá ka ọkọ̀ tó ń tì wọ́n mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ ti gùn ju mítà 300 lọ. Nísàlẹ̀ St. Louis, níbi tí kò ti sí lọ́ọ̀kì mọ́, wọ́n ń ti 30 sí 40. Wáyà àti irin ìfún ló so gbogbo wọn pọ̀. Ẹ̀yìn pátápátá lo wà, iwájú tó jìnnà sí ọ tó bẹ́ẹ̀ lo sì ń darí.

Lọ́ọ̀kì ni yàrá omi tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ láti ìpele omi kan sí òmíràn. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà lápá òkè Mississippi kò gùn ju mítà 183 lọ. Nítorí náà, ẹ ó tú báàjì 15 yẹn sí ọ̀nà méjì, ẹ ó ti apá àkọ́kọ́ wọlé, wọn ó gbé e kọjá, ẹ ó wá mú ìyókù wọlé pẹ̀lú ọkọ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó tún gbogbo rẹ̀ so lódìkejì. Ó lè jẹ́ òru, ó lè jẹ́ inú òjò. Àwọn ọmọ dẹ́ẹ̀kì á máa rìn lórí irin tó ń yọ̀, wáyà tó wúwo á wà léjìká wọn, omi á sì wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ohun tó ń ya àwọn ará òkun lẹ́nu jù ni kọ́nà. Bí o bá ń lọ sísàlẹ̀ odò, omi ń gbé ọ lọ, yálà o fẹ́ tàbí o kọ̀. Bí o bá dín iná kù, ìtọ́kọ̀ kò ní rí omi tó láti fi yí ọkọ̀. Bí o bá fi kún iná, eré rẹ á pọ̀ ju bí kọ́nà ṣe lè gbà á lọ. Ní kọ́nà tó bá le gan-an, kí o tó débẹ̀ lo ti máa fi ẹ́ńjìnnì sí rìfáàsì, kí o mú ìdí ọkọ̀ dúró níbi tí o fẹ́ ẹ, kí o sì jẹ́ kí ìṣàn omi fúnra rẹ̀ ti orí báàjì yí. Ìdí nìyí tí àwọn ọkọ̀ yìí fi ní ìtọ́kọ̀ mìíràn níwájú abẹ̀bẹ̀ inú omi tó ń mú ọkọ̀ rìn, èyí tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń fà sẹ́yìn. Lórí ọkọ̀ òkun, wọn kò kọ́ ọ níyẹn.

Èmi kò rí ìpadàsẹ́yìn kankan nínú rẹ̀. Iṣẹ́ mìíràn ni.

OmiLará

Mo bọ̀wọ̀ fún Ọ̀gáBáàjì, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a fojú kéré òkun nítorí pé a fẹ́ yin odò. Lójú odò, bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ lè fi orí ọkọ̀ lé èbúté tàbí kí ẹ so ó mọ́ igi. Láàárín òkun, ibo ni ẹ fẹ́ so ó mọ́? Àwọn tó lè gbà yín lè wà ní ìrìn ọjọ́ púpọ̀.

Ẹrù fúnra rẹ̀ sì ń pani. Àbúrò tó bèèrè mọ̀ ọ́n, torí orí ọkọ̀ irú rẹ̀ ló ti wá. Bí òkúta irin tàbí bauxite (òkúta tí wọ́n ń yọ alumíníọ́mù nínú rẹ̀) bá ti fa omi jù kí wọ́n tó kó o sínú ọkọ̀, mímì ọkọ̀ lórí ìgbì á sọ ọ́ di ẹrẹ̀ tó ń ṣàn. Ẹrẹ̀ yẹn á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì ní padà. Ní ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 2015, bí ọkọ̀ Bulk Jupiter ṣe rì nìyẹn pẹ̀lú bauxite inú rẹ̀. Ènìyàn 19 ló wà nínú rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ló yè. Ọkọ̀ ńlá ni o, kì í ṣe ọkọ̀ ẹlẹ́gẹ́.

Ẹni tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìlà tó wà lára ọkọ̀, èyí tó ń sọ ibi tí ẹrù lè mú ọkọ̀ rì dé, tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ìlà ìgbà òtútù ní Àríwá Atlantic àti ìlà ilẹ̀ olóoru, tó mọ bí wọ́n ṣe ń bá ìjì jà fún ọjọ́ mẹ́ta, ìmọ̀ gidi lonítọ̀hún ní. Kó tó kúrò níbẹ̀, ó yẹ kó rò ó dáadáa.

Páílọ́ọ̀tìOdò

Ẹ̀yin méjèèjì ti sọ̀rọ̀ nípa ìgbì àti kọ́nà, kò sí ẹni tó tíì mẹ́nu ba ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi wà, ibẹ̀ náà sì ni mo rò pé ỌmọDẹ́ẹ̀kì máa ti rí i pé odò kì í ṣe òkun tí wọ́n ké kúrú.

Nínú omi jíjìn, ọkọ̀ kò mọ ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti súnmọ́ ìdí rẹ̀, omi tó yẹ kó kọjá lábẹ́ rẹ̀ kò ríbi gbà mọ́, á wá sáré, agbára tí omi yẹn fi ń gbé ọkọ̀ sókè á dín kù, ọkọ̀ á sì túbọ̀ rì. Bí eré bá ṣe pọ̀ sí ni ó ń rì sí, ìlọ́po eré lọ́nà eré ló sì ń bá lọ: bí o bá dín eré kù sí ìdajì, rírì náà á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọkọ̀ ńlá tó kún, tó ń sáré nọ́ọ̀tì 10 nínú ọ̀nà omi tóóró, lè rì ju mítà kan àtààbọ̀ lọ ní àfikún sí bó ṣe rì nígbà tó dúró. Páílọ́ọ̀tì (ẹni tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà nínú irú omi bẹ́ẹ̀) tó bá ní mítà kan péré lábẹ́ ọkọ̀ mọ ohun tí eré lè ná an.

Ẹ̀gbẹ́ odò náà ní tirẹ̀. Bí ọkọ̀ bá súnmọ́ bèbè jù, omi tó wà láàárín òun àti bèbè á fa ìdí rẹ̀ mọ́ra, á sì ti orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Gbogbo ayé rí bí ọkọ̀ gígùn ṣe lè há nínú omi tóóró ní ọjọ́ 23 oṣù kẹta ọdún 2021, nígbà tí Ever Given, tó gùn tó mítà 400, dábùú ọ̀nà omi Suez ní Íjíbítì. Ó di ọjọ́ 29 oṣù yẹn kan náà kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Àwọn tó tú u sílẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ rántí: Mashhour, ọkọ̀ akóyanrìn tó ń gé ilẹ̀ abẹ́ omi, tó gbẹ́ ìdí rẹ̀, àti àwọn tọ́ọ̀gì, ọkọ̀ kékeré alágbára tó ń fa ọkọ̀ ńlá, tó fà á nígbà tí omi òkun kún. Ọkọ̀ kéékèèké tí àwọn ènìyàn kì í bi orúkọ wọn ló ṣí ọ̀nà náà.

Odò tún máa ń gbẹ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, òpó ìwọ̀n omi tó wà ní Kaub lórí odò Rhine ní Jámánì sọ̀ kalẹ̀ sí sẹ̀ǹtímítà 25. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé omi inú ọ̀nà ọkọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25 o. Ojú òdo òpó yẹn ga ju ilẹ̀ ọ̀nà ọkọ̀ lọ ní nǹkan bíi mítà kan, ẹni tó bá sì ń gba ibẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìyẹn kún un nínú ìṣirò rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn báàjì tó ń lọ lákòókò yẹn kò lè gbé ju díẹ̀ lára ẹrù wọn. Ohun tí ọkọ̀ kan máa ń gbé, ọkọ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ló ń pín in gbé. Lójú òkun, ìlà ara ọkọ̀ ló ń sọ bí ẹrù ṣe máa tó. Lójú odò, òpó ìwọ̀n tó wà ní ibi tí omi ti fẹ́lẹ́ jù lójú ọ̀nà rẹ ló ń sọ ọ́, ó sì lè yí padà lọ́la.

Ìmọ̀ tó máa wúlò fún ọ, àbúrò: ìwà ìṣọ́ rẹ, rédà, bí o ṣe ń ka àwòrán omi, bí o ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ohun tí o máa kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: omi tó fẹ́lẹ́, àti àkókò díẹ̀. Lókun, o ń rí ọkọ̀ ẹlòmíràn ní wákàtí kan ṣáájú. Lójú odò, ẹ̀yìn kọ́nà ló ti máa yọ sí ọ.

ỌmọDẹ́ẹ̀kì

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ rírì ọkọ̀ yẹn, a kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n n kò rò ó dé odò. Ìbéèrè kan: ilé iṣẹ́ náà ní tọ́ọ̀gì pẹ̀lú, wọ́n sì sọ pé mo lè máa lọ ràn wọ́n lọ́wọ́ níbẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣé irú iṣẹ́ kan náà ni?

OlókùnWáyà

Rárá o, kì í ṣe irú kan náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti fi ń ṣe tọ́ọ̀gì, jọ̀ọ́, ka èyí dáadáa.

Ọkọ̀ atibáàjì so mọ́ ẹrù rẹ̀ pinpin, wọ́n di ara kan. Okùn ló so tọ́ọ̀gì mọ́ ọkọ̀ tó tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Okùn yẹn ni agbára rẹ, òun náà ló sì lè pa ọ́. Bí ọkọ̀ ńlá bá sáré ju bí o ṣe rò lọ, tàbí tó yí lójijì, okùn á kúrò ní ẹ̀yìn rẹ, á wá sí ẹ̀gbẹ́. Nígbà yẹn, ńṣe ló ń fa tọ́ọ̀gì ní ìbú. Tọ́ọ̀gì á dà dé, kì í sì í gba ìṣẹ́jú kan. Kò sáyè láti wọ ẹ̀wù agbẹ̀mílà.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kejìlá ọdún 2007, Flying Phantom ń ran ọkọ̀ akẹ́rù kan lọ́wọ́ lójú odò Clyde ní Scotland nínú kùrukùru. Bó ṣe dà dé nìyẹn. Ènìyàn 4 ló wà níbẹ̀, 3 ló kú. Lọ́dún yẹn kan náà, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin, Bourbon Dolphin dà dé ní ìwọ̀-oòrùn Shetland nígbà tó ń bá ilé ìwakùsà inú òkun gbé ìdákọ̀ró. Ọkọ̀ tuntun ni, ó lágbára, ènìyàn 8 nínú 15 ló bá a lọ. Méjèèjì yìí, okùn tàbí ṣéènì tó ń fà wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ ló dà wọ́n.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bi gbogbo ilé iṣẹ́: bọ́tìnì ìjáwọ́ tó ń tú okùn kúrò lórí ìkọ́ tàbí lórí wíìnṣì (ẹ̀rọ tó ń ká okùn), ìgbà wo ni wọ́n dán an wò kẹ́yìn? Ṣé nígbà tí okùn le ni àbí nígbà tó dẹ̀? Ìkọ́ tó ń jáwọ́ bí okùn bá dẹ̀ lè kọ̀ bí okùn bá le. Ìgbà tó bá le gan-an sì ni o máa nílò rẹ̀.

Tọ́ọ̀gì ayé òde òní ti yàtọ̀. Abẹ̀bẹ̀ ìdí wọn ń yí káàkiri, wọ́n lè fà, wọ́n lè tì, wọ́n lè rìn ní ìbú, okùn wọn sì sábà máa ń wá láti iwájú ọkọ̀ dípò àárín rẹ̀, nítorí náà ewu ìdàdé yẹn dín kù. Kò tán. Bí tiwọn bá jẹ́ irú àtijọ́, tí ìkọ́ wà láàárín tí abẹ̀bẹ̀ sì wà lẹ́yìn, ẹni tó bá ń wà á gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ gan-an.

Èyí tó kẹ́yìn: má ṣe dúró ní ọ̀nà okùn tó le. Okùn ọ̀rá máa ń nà kó tó já, bó bá já, yóò padà pẹ̀lú gbogbo agbára tó ti kó jọ. Kò sí ẹni tó lè sáré ju ìyẹn lọ. Kí o mọ ibi tí yóò gbà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

AyaAtukọ̀

Ẹ kú ìjíròrò o. Èmi kì í ṣe atukọ̀, ọkọ mi ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ apá tí ẹ kò tíì sọ.

Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dé, àwọn orílẹ̀-èdè ti èbúté wọn mọ́ àwọn atukọ̀. Ní òpin ọdún yẹn, IMO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun, sọ pé nǹkan bí atukọ̀ 400,000 ló há sórí ọkọ̀, tí ìwé àdéhùn wọn ti tán, tí wọn kò lè lọ sílé. Ọkọ mi wà nínú wọn. Ọmọ wa kékeré rò pé inú fóònù ni bàbá òun ń gbé. Ẹrù àwọn ènìyàn ń dé, oúnjẹ ń dé, oògùn ń dé, àwọn tó ń gbé e kò sì lè fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Títí di òní, ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé ìrẹ̀sílẹ̀ ni kí o wà níbi tí o ti lè lọ sílé déédéé, má dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí o gbọ́dọ̀ mọ̀, mo sì ti kà á dáadáa nítorí tiwa. Òfin iṣẹ́ atukọ̀ ti gbogbo ayé, MLC 2006, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, sọ pé atukọ̀ gbọ́dọ̀ sinmi fún ó kéré tán wákàtí 10 nínú wákàtí 24, àti wákàtí 77 nínú ọjọ́ 7. A lè pín ìsinmi yẹn sí ọ̀nà méjì péré, ọ̀kan nínú wọn kò sì gbọdọ̀ dín sí wákàtí 6. Òfin náà kò kan ọkọ̀ tó bá jẹ́ pé inú odò nìkan ló ń rìn. Òfin orílẹ̀-èdè tí odò náà wà ló máa dáàbò bò ọ́ níbẹ̀, ó lè dára ju ti MLC lọ, ó sì lè má tó o. Béèrè fún un lórí ìwé.

ẸlẹńjìnnìAbẹ́Dẹ́ẹ̀kì

Ìyá wa ti sọ ọ̀rọ̀ tó tọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ti wákàtí kún un: ọ̀pọ̀ ọkọ̀ odò àti tọ́ọ̀gì ń lo ìṣọ́ wákàtí 6, ìsinmi wákàtí 6. Lórí ìwé, wákàtí 12 lo fi sinmi. Nínú wákàtí 6 yẹn lo ti máa jẹun, tí o máa wẹ̀, tí o máa kọ ìwé ìṣọ́. Oorun tó kù kì í tó wákàtí 5 lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá pè ọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan péré nítorí lọ́ọ̀kì, ó ti bàjẹ́. Ọkọ̀ òkun tó ń pín ìṣọ́ sí wákàtí 4 iṣẹ́, wákàtí 8 ìsinmi, dára fún ara ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bi wọ́n pé ènìyàn mélòó ló wà lórí ọkọ̀.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ òkun ńlá sábà máa ń ní ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo, tó ga tó ilé alájà mélòó kan, tó ń yí bí ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, tó so mọ́ abẹ̀bẹ̀ tààrà. Bí o bá fẹ́ rìfáàsì, o máa kọ́kọ́ dá a dúró, o máa wá gbé e yí padà. Ọkọ̀ odò máa ń ní méjì tàbí mẹ́ta, kéékèèké, tó ń yí kíákíá, pẹ̀lú gíà. Ó ń dáhùn ní kíá. Ó gbọ́dọ̀ dáhùn ní kíá.

Omi odò ló ń yọ wá lẹ́nu. Omi náà la fi ń tu ẹ́ńjìnnì lára, yanrìn, ewé àti ọ̀rá sì ń bá a wọlé. Bí asẹ́ bá dí, ẹ́ńjìnnì á gbóná, á kú. Lókun, bí ẹ́ńjìnnì bá kú, o sábà máa ń ní àkókò láti tún un ṣe. Lójú odò, kò sí. Ẹ rántí ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 2024 ní Baltimore: iná kú lórí ọkọ̀ Dali nígbà tó ń jáde ní èbúté, àwọn tọ́ọ̀gì tó bá a kúrò ní ibùdó ti jáwọ́, ó sì lọ lu òpó afárá Francis Scott Key. Àwọn òṣìṣẹ́ 6 tó ń tún ọ̀nà orí afárá ṣe kú. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ni gbogbo rẹ̀. Ọkọ̀ òkun ni, ṣùgbọ́n omi tóóró ló ti ṣẹlẹ̀.

Nǹkan kékeré kan fún ẹni tó bá máa mójú tó ara ọkọ̀: zinc tí a ń so mọ́ irin lókun kí ìpẹtà lè máa jẹ òun dípò irin, kì í ṣiṣẹ́ dáadáa nínú omi tí kò níyọ̀. Magnesium la ń lò níbẹ̀. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá láti òkun tí ẹnikẹ́ni kò pààrọ̀ tirẹ̀.

OmiLará

Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ Baltimore yẹn sì tọ̀nà. N kò sọ pé odò rọrùn, mo ní kí ẹ má fojú kéré òkun. Àbúrò, bí o bá ti pinnu láti lọ, ohun kan tí o kọ́ lórí ọkọ̀ òkun ni kí o gbé dání lọ síbẹ̀, kí o má sì jẹ́ kí wọ́n fi ṣe ẹ̀sín: òfin wíwọ yàrá tí a sé.

Inú báàjì kún fún àwọn yàrá òfìfo tó jẹ́ pé òun ló ń mú kó léfòó. Wọ́n máa ń wà ní títì fún oṣù púpọ̀. Irin tó ń pẹtà ń jẹ afẹ́fẹ́ oxygen inú ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó kù kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kò sí ẹrù olóró kankan níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí a ń mí ní oxygen ìdá 20.9 nínú 100. Bó bá wálẹ̀ gan-an, èémí kan tàbí méjì ti tó láti mú kí ènìyàn ṣubú. Ẹnì kan á wọlé lọ wo ibi tí omi ti ń jò, á ṣubú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ á bẹ́ wọlé láti gbé e, òun náà á ṣubú. Ẹni tó fẹ́ gbani ló sábà máa ń kú ṣìkejì. Yàrá ṣéènì ìdákọ̀ró lórí ọkọ̀ òkun rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́, fáànù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọlé, ẹnì kan tó dúró lẹ́nu ihò tí kò ní kúrò níbẹ̀. Bí ọ̀kan péré nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá sí, kí ẹnikẹ́ni má wọlé.

ỌmọDẹ́ẹ̀kì

Ẹ̀gbọ́n, mo dúpẹ́. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìwé ẹ̀rí mi ńkọ́? Bí mo bá wà lójú odò, ṣé àkókò tí mo lò níbẹ̀ máa kà bí mo bá fẹ́ padà sí òkun? Àti òfin ìrìnnà: ṣé tòkun náà ni wọ́n ń lò?

Páílọ́ọ̀tìOdò

Ìbéèrè ìwé ẹ̀rí yẹn ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ ìrẹ̀sílẹ̀ lọ. Àdéhùn STCW (àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀kọ́ àti ìwé ẹ̀rí àwọn atukọ̀) tí ìwé ẹ̀rí rẹ dúró lé kò ka ọkọ̀ tó bá jẹ́ pé inú odò nìkan ló ń rìn mọ́ ọkọ̀ òkun. Ọdún márùn-ún márùn-ún lo gbọ́dọ̀ máa tún ìwé náà ṣe, ọ̀nà tó wọ́pọ̀ jù ni kí o fi hàn pé o ti ṣiṣẹ́ lórí òkun fún oṣù 12 láàárín ọdún 5 yẹn, tàbí oṣù 3 láàárín oṣù 6 tó gbẹ̀yìn. Nítorí náà, kọ lẹ́tà sí àjọ tó fún ọ ní ìwé ẹ̀rí kí o tó lọ, kí wọ́n fi ìwé dá ọ lóhùn nípa bí wọ́n ṣe máa ka àkókò odò. Bí wọn kò bá ní kà á, o ṣì lè ṣètò láti padà sórí òkun fún ìgbà díẹ̀ kí ọdún 5 tó pé. Má jẹ́ kí ó kú mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ní ti òfin ìrìnnà, odò kọ̀ọ̀kan lè ní tirẹ̀. Lórí Rhine, ọkọ̀ tó ń gòkè ló ń fi hàn ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n máa gbà kọjá. Bó bá fẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún kọjá ara wọn, yóò gbé pátákó aláwọ̀ búlúù tó ní iná funfun jáde. Lórí àwọn odò ńlá Amẹ́ríkà bíi Mississippi, ẹni tó ń bá omi sọ̀ kalẹ̀ ló ní ẹ̀tọ́ ọ̀nà, òun ló sì ń dá bí wọ́n ṣe máa kọjá. Ìdí wọn bára mu: ẹni tí omi ń gbé lọ kò lè dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé àṣà odò kan lọ sórí òmíràn máa kọlu ènìyàn. Kọ́ ti odò tí o ń lọ, ní àkọ́sórí.

ỌmọDẹ́ẹ̀kì

Ó yé mi. Màá béèrè iye ènìyàn orí ọkọ̀, wákàtí ìsinmi lórí ìwé, ẹ̀rọ ìwọn-afẹ́fẹ́, àti ìgbà tí wọ́n dán ìkọ́ tọ́ọ̀gì wò. Lẹ́tà àjọ náà máa jáde lọ́sẹ̀ yìí. Ṣé ó ku ohun kan?

Ọ̀gáBáàjì

Ó ku ọ̀kan. Bi wọ́n bí àkókò tí wọ́n máa fún ọ láti kàn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ kí o máa wò ṣe máa pẹ́ tó, kí wọ́n tó fi ìtọ́kọ̀ lé ọ lọ́wọ́. O gbọ́dọ̀ ti gòkè odò yẹn, kí o ti sọ̀ kalẹ̀, lọ́sàn-án àti lóru, nígbà tí omi kún àti nígbà tó fà. Kọ gbogbo kọ́nà sínú ìwé ara rẹ, ibi tí omi ti ń fa orí báàjì, òpó afárá tí kò taara, ibi tí yanrìn ti ń kó jọ lẹ́yìn omíyalé. Bí wọ́n bá ní lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ni wọ́n fẹ́ kí o dá wà á lóru, má tọwọ́ bọ̀ ọ́.